Èmi Ni Mo Bí Agbábọ́ọ̀lù Ẹlẹ́sẹ̀ Bàtà Méje Tí Ayédé Ń Retí

Ẹ̀yin òǹkàwé, òótọ́ pọ́ńbélé ni ohun tí mo fẹ́ sọ yìí. Mo fi ojú méjèèjì búra. Ìyá mi ti kìlọ̀ pé n kò gbọdọ̀ fi ojú tòun búra mọ́, nítorí náà ojú ara mi ni.

Ó dáa. Ojú kan. Ibì kan wà nínú ìtàn yìí tí mo fi ọwọ́ ara mi tún ṣe. Ẹ fara balẹ̀, n ó sọ ibẹ̀ fún yín kí n tó dákẹ́.

Tóbi ni orúkọ mi. Ọmọ ọdún mẹ́tàdínlógún ni mí. Mo kúrò níléèwé lẹ́yìn tí mo fi ohùn ọ̀gá iléèwé wa kéde ọlidé ọjọ́ mẹ́ta lórí ẹ̀rọ gbohùngbohùn. Gbogbo ọmọ ló lọ sílé. Àwọn tísà gan-an lọ sílé. Nígbà tí wọ́n padà dé, èmi nìkan ni wọn kò gbà wọlé.

Láti ìgbà náà ni mo ti ń bá Àǹtí Felicia ṣiṣẹ́ ní ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ ní Ayédé, níbi tí a ti ń tẹ káàdì ìgbéyàwó àti pósítà olóògbé. Bí ẹ bá rí òkú tó rẹwà ju ìgbà tó wà láàyè lọ, èmi ni mo ṣe é.

Ìlú wa ní ẹgbẹ́ básíkẹ́ẹ̀tì kan tí à ń pè ní Ìràwọ̀ Ayédé. Ẹ mọ básíkẹ́ẹ̀tì, bọ́ọ̀lù tí wọ́n ń jù sínú agbọ̀n lókè òpó. Tiwa kì í sábà bọ́ síbẹ̀. Nínú ìdíje àwọn ìlú tí wọ́n ṣe ní Ìkọ̀lé lọ́dún tó kọjá, ẹ̀ẹ̀mẹjọ la gbá, ẹ̀ẹ̀mẹjọ ni wọ́n nà wá. Àwa la gbẹ́yìn. Ìlú tó bá sì gbẹ́yìn lọ́dún méjì tẹ̀léra, wọ́n á yọ ọ́ kúrò.

Òfin kan tún wà. Ìlú kọ̀ọ̀kan lè mú agbábọ́ọ̀lù kan ṣoṣo wá láti ìta, bí ẹni náà kò bá ti sí lábẹ́ ẹgbẹ́ kankan. Orúkọ rẹ̀ gbọ́dọ̀ dé Ìkọ̀lé ní ọjọ́ Ẹtì, ọjọ́ mẹ́jọ ṣáájú eré àkọ́kọ́. Bí orúkọ bá ti wọlé, kò sí pípààrọ̀.

Olúdáre ẹ̀gbọ́n mi ni kápútéènì wa. Ọmọ ọdún méjìlélógún ni, ó sì ti jókòó ṣe ìdánwò JAMB lẹ́ẹ̀mẹrin. Lọ́jọ́ kan, Kóòṣì Adémọ́lá, tó ń kọ́ àwọn ọmọ yunifásítì ní básíkẹ́ẹ̀tì ní Ọ̀yẹ́, pè é sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan.

“Olúdáre, ọwọ́ rẹ dára,” ni ó wí. “Àyè kan ṣoṣo ló kù tí mo lè fi bọ́ọ̀lù mú ọmọ wọlé lọ́dún yìí. N ó wá wò yín ní Ìkọ̀lé. Ẹ ṣáà ti borí eré àkọ́kọ́, kí àwọn ọ̀gá mi má baà ní ẹgbẹ́ tí kì í borí ni mo ti lọ ṣa ènìyàn.”

Eré kan péré. Ohun tó wà láàárín ẹ̀gbọ́n mi àti yunifásítì nìyẹn, èmi náà sì mọ̀ ọ́n. Ẹ jẹ́ kí n tètè sọ èyí, kí ẹ má baà ní mo ń ṣe bí ẹni tí kò mọ̀.

Ẹni tí Olúdáre fẹ́ kí a mú ni Múyìwá, akẹ́kọ̀ọ́ kan ní Ọ̀yẹ́. Ó ti gbá bọ́ọ̀lù fún Ìdó rí, àárín wọn kò gún, ó sì kúrò. Múyìwá kò ga, àmọ́ ó lè dijú kó ju bọ́ọ̀lù, kó sì máa fa okùn bàtà rẹ̀ le kí ó tó wọ inú agbọ̀n. Ohun kan ṣoṣo tó béèrè ni kí ọ̀kadà máa lọ gbé òun lọ́jọ́ eré.

Ìgbìmọ̀ ẹgbẹ́ jókòó ní gbọ̀ngàn ṣọ́ọ̀ṣì lọ́jọ́ Àìkú kan lẹ́yìn ìsìn. Èmi wà níbẹ̀ láti ya fọ́tò.

Bàbá Akínbọ̀dé ni alága, igbákejì ọ̀gá iléèwé tó ti fẹ̀yìn tì. Eré kan ṣoṣo ni ó wò lọ́dún tó kọjá. Lẹ́yìn eré náà, ó ní kí wọ́n bá òun wá ẹni tí yóò rán ìdí agbọ̀n náà, pé bọ́ọ̀lù wa ń jò dànù. Díákónì Kọ́láwọlé, káfíńtà, jókòó lọ́wọ́ ọ̀tún rẹ̀. Màmá Fúnmiláyọ̀, nọ́ọ̀sì àgbà tó ti fẹ̀yìn tì, jókòó lọ́wọ́ òsì.

Olúdáre dìde, ó dárúkọ Múyìwá.

“Ọmọ ta ni?” ni Alága béèrè.

“Ó mọ bọ́ọ̀lù í gbá gan-an, sà.”

“N kò bi ọ́ léèrè bọ́ọ̀lù. Ọmọ ta ni?”

“Ará Ìlá ni bàbá rẹ̀, sà. Ọmọ Ìdó ni ìyá rẹ̀.”

“Ìdó,” ni Màmá Nọ́ọ̀sì wí. “Ìdó tó fi ojú wa gbolẹ̀ lọ́dún tó kọjá. Ọmọ wọn la ó wá gbé sáàárín ilé.”

“Màmá, kò sí nínú òfin pé ó gbọ́dọ̀ jẹ́ ọmọ ìlú.”

“Òfin Ìkọ̀lé nìyẹn,” ni Díákónì dáhùn. “Ẹni tí a kò sin bàbá ńlá rẹ̀ kankan sí ilẹ̀ yìí, bí eré bá le, kí ni yóò dá a dúró? Ìlú tó bí wa nìkan ló ń dun ni.”

Wọ́n tún dárúkọ Máyọ̀wá, ọmọ ìlú wa tó ń gbé Adó.

“Ọmọ ọdún mélòó ni?” ni Alága béèrè.

“Mọ́kànlélógójì, sà.”

“Wọ́n ní orúnkún ń dùn ún.”

“Ọ̀kan ṣoṣo ni, sà,” ni ẹni tó mú orúkọ rẹ̀ wá wí. “Èkejì ṣì dára.”

Ẹ̀rín bọ́ lẹ́nu mi.

Alága yíjú sí mi. “Ta ló ń rẹ́rìn-ín? Tóbi ni. Ẹ̀rín ẹni tí iléèwé lé. Bí o bá ní ọgbọ́n tí o fẹ́ kọ́ wa, dìde, kí o kọ́ wa.”

Gbogbo wọn wò mí. Ẹ gbà mí gbọ́, n kò ní ètò kankan lọ́kàn. Ẹnu mi ló kọ́kọ́ dìde, èmi wulẹ̀ tẹ̀lé e ni.

“Ẹ̀yin bàbá, ẹ̀yin màmá,” mo ní, “ṣé ẹ kò gbọ́ pé Ajíbọ́lá ti kúrò nínú ẹgbẹ́ rẹ̀ ni?”

“Ajíbọ́lá wo?” ni Olúdáre béèrè.

Àwọn àgbà ni mo kọjú sí. “Ajíbọ́lá Òpó. Ẹsẹ̀ bàtà méje. Ó ti gbá bọ́ọ̀lù dé Dàkáàrì, ó gbá a dé Káírò. Kò sí lábẹ́ ẹnikẹ́ni báyìí. Kì í ṣe gbogbo ènìyàn ló mọ̀ ọ́n o. Àwọn tó lajú ló mọ̀ ọ́n.”

Gbólóhùn tó kẹ́yìn yẹn ni mo fi mú wọn. Ta ni yóò dìde ní gbọ̀ngàn ṣọ́ọ̀ṣì kí ó ní òun kò lajú?

Bàbá Akínbọ̀dé bọ́ awò ojú rẹ̀, ó nù ún, ó tún un wọ̀. “Ajíbọ́lá yẹn,” ni ó wí. “Ó wá kúrò níbẹ̀ lóòótọ́. Mo gbọ́ ọ fìrí.”

Ibẹ̀ ló yẹ kí n ti jókòó. Àmọ́ nǹkan náà dùn mọ́ mi lẹ́nu. Mo fi kún un: “Wọ́n ní ọmọ Ayédé níbí ni ìyá tó bí ìyá rẹ̀.”

Díákónì ló kọ́kọ́ dìde. “Ulé wa ni. Ìyá àgbà tó lọ sí Kàdúná tí kò padà mọ́, tirẹ̀ ni. Ẹ wo gíga yẹn. Ulé wa ló ń ga bẹ́ẹ̀.”

Díákónì fúnra rẹ̀, bí ó bá ń ka Bíbélì lórí pẹpẹ, orí rẹ̀ nìkan là ń rí.

“Díákónì, ẹ rọra,” ni Màmá Nọ́ọ̀sì wí. “Ọwọ́ mi yìí ni mo fi gba ọmọ náà. Nígbà tí a gbé e sórí ìwọ̀n, ẹsẹ̀ rẹ̀ yọ síta. Mo sọ fún ìyá rẹ̀ lọ́jọ́ náà pé èyí yóò ga.”

“Ìwọ gbà á, èmi gbé e,” ni Alága wí. “Orí ẹsẹ̀ mi ló wà lọ́jọ́ ìsọmọlórúkọ. Ó tọ̀ sí mi lára. Agbádá yẹn ṣì wà nílé.”

Mo bu ètè mi jẹ kí ẹ̀rín má baà tún bọ́. Kò tíì pé ìṣẹ́jú mẹ́wàá tí mo bí ọkùnrin náà, ó ti ní ilé, ó ti ní agbẹ̀bí, ó sì ti tọ̀ sí àgbà lára.

Olúdáre dá mi dúró lójú ọ̀nà bí a ti ń lọ sílé. “Tóbi, ibo ni o ti gbọ́ nípa Ajíbọ́lá yìí?”

“Lórí íńtánẹ́ẹ̀tì.”

“Èmi tí mò ń wo básíkẹ́ẹ̀tì lójoojúmọ́, n kò gbọ́ ọ rí.”

“Bọ̀dá mi, ṣé gbogbo ohun tó wà lórí íńtánẹ́ẹ̀tì lẹ ti wò tán ni?”

Ó mi kanlẹ̀. “Wò ó, wọ́n ti ń tẹ́tí sí ọ báyìí. Bá mi sọ fún wọn kí wọ́n mú Múyìwá. Ajíbọ́lá lè má wá. Múyìwá wà níbí. Eré àkọ́kọ́ yẹn nìkan ni mo ń wá, Tóbi. N kò lè jókòó sí JAMB ẹlẹ́ẹ̀karùn-ún.”

Mo ní n ó sọ fún wọn.

Lọ́jọ́ kejì, mo lọ sílé Alága láti lọ jẹ́wọ́. Mo múra rẹ̀ lóòótọ́. Àmọ́ ìyàwó rẹ̀ ló ṣílẹ̀kùn, ó sì ní, “Ọ̀gbẹ́ni Tóbi, ẹ wọlé.” Ọ̀gbẹ́ni, ẹ̀yin òǹkàwé. Wọ́n gbé àga tìmùtìmù fún mi. Wọ́n gbé Mọ́ọ̀tì tútù fún mi, wọ́n gbé ẹran ìgbẹ́ lé e.

“Uṣẹ́ ńlá lo ṣe fún ìlú yìí,” ni Alága wí. “Mo sọ ọ́ nígbà náà pé iléèwé yẹn ṣì ọ́ mú.”

Ṣé ẹ mọ bó ṣe ń rí kí ẹni tó ti fi ọ́ ṣe ẹlẹ́yà láti kékeré máa bu omi fún ọ wẹ ọwọ́? Mo jẹ ẹran náà. Bí mo ti ń jẹ ẹ́ ni ìjẹ́wọ́ ń bá a wọlé sínú ikùn.

“Fọ́tò rẹ̀ ńkọ́?” ni Alága béèrè.

“Ó ń bọ̀ lọ́la, sà.”

Ibo ni mo ti fẹ́ rí ẹni ẹsẹ̀ bàtà méje? Mo wá inú fóònù mi, mo rí fọ́tò Olúdáre kan tí mo yà láti ẹ̀yìn níbi tó ti ń ju bọ́ọ̀lù. Mo gbé e sórí kọ̀ǹpútà, mo fà á gùn. Mo fà á títí orí rẹ̀ fi kan agbọ̀n. Mo pààrọ̀ nọ́ńbà ẹ̀yìn rẹ̀. Kò sí ẹni tó mọ ẹ̀yìn ara rẹ̀, nítorí náà ẹ̀rù kò bà mí.

Àǹtí Felicia dúró lẹ́yìn mi, ó ń wò ó. “Kí ló dé tó kọ̀yìn sí wa?”

“Ó ní ojú òun di ọjọ́ eré, Àǹtí.”

“Ìgbéraga ni ìyẹn. Tẹ igba.”

Pósítà náà wà káàkiri láti Ayédé dé Ìsàn, ó dé Ọ̀yẹ́, ó dé Ìkọ̀lé. Ilé Díákónì ní ọ̀dọ̀ àwọn ni àlejò yóò wọ̀ sí. Ilé Alága ní rárá o. Díákónì kò bá wọn jiyàn, ó wọ ìsọ̀ rẹ̀ lọ, ó kan bẹ́ẹ̀dì kan tó gùn ní ẹsẹ̀ bàtà mẹ́jọ. Nígbà tí wọ́n fẹ́ gbé e wọlé, kò gba ẹnu ọ̀nà. Wọ́n wó apá kan ògiri.

Wọ́n ní àwọn fẹ́ gbọ́ ohùn ọmọ àwọn. Mo ki orí bọ inú gárawa òfìfo lẹ́yìn ṣọ́ọ̀bù, mo sì fi ohùn ránṣẹ́ sórí WhatsApp ìgbìmọ̀ láti orí ìlà fóònù mi kejì tí wọn kò mọ̀: “Ẹ kú iṣẹ́ ìlú o, ẹ̀yin ará ilé ìyá tó bí ìyá mi.”

Màmá Nọ́ọ̀sì fèsì láàárín ìṣẹ́jú kan. “Ajíbọ́lá, ohùn rẹ kò yí padà. Bí o ti ké nìyẹn lọ́jọ́ tí mo gbà ọ́.”

Nínú gbogbo eléyìí, Olúdáre kò yé bẹ̀ mí. Ní ọjọ́ Ẹtì tí orúkọ yóò wọlé, ó wá bá mi ní ṣọ́ọ̀bù lówùúrọ̀. “Tóbi, Múyìwá ní òun ṣì ń dúró dè wá. Ìkọ̀lé ti rí pósítà yín, àyà wọn ti já, wọ́n ti ń bẹ̀ ẹ́. Ó ní tí òun kò bá gbọ́ láti ọ̀dọ̀ wa kí ó tó di ọ̀sán, òun á tẹ̀ lé wọn. Ṣé Ajíbọ́lá yìí ń bọ̀ dájúdájú?”

Ojú mi wà nínú ojú rẹ̀. Àwọn méjì wà níwájú káńtà tí wọ́n ń dúró láti kí mi kú iṣẹ́ ìlú. Tí mo bá ní “kò sí Ajíbọ́lá,” Ọ̀gbẹ́ni Tóbi kú nìyẹn, ẹni tí iléèwé lé á sì jí dìde.

“Ó ń bọ̀,” mo ní.

Ó gbà mí gbọ́. Èmi ni àbúrò rẹ̀.

Lọ́sàn-án, Alága fi orúkọ Ajíbọ́lá ránṣẹ́ sí Ìkọ̀lé. Lọ́jọ́ náà gan-an ni Múyìwá gba aṣọ Ìkọ̀lé. Àwọn sì ni a ó kọ́kọ́ pàdé.

Nígbà tó di ọjọ́ Ajé, ọkàn mi kò balẹ̀ mọ́. Mo ki orí bọ gárawa, mo jẹ́ kí Ajíbọ́lá ṣẹ́ ẹsẹ̀ ní Ìlọrin. Mo rò pé ọ̀rọ̀ náà parí nìyẹn. Wọ́n á káàánú, wọ́n á gbàgbé.

Mo ti gbàgbé irú ènìyàn tí wọ́n bí mi sí àárín wọn. Ẹni tó bá ṣẹ́ ẹsẹ̀ ní ìlú wa, ṣé wọ́n ń fi í sílẹ̀? Ní àárọ̀ ọjọ́ Ìṣẹ́gun, bọ́ọ̀sì kan ti dúró níwájú ilé Alága. Isu wà nínú rẹ̀, epo wà nínú rẹ̀, ìyá mẹ́fà láti ilé mẹ́ta wà nínú rẹ̀.

“Ìlọrin là ń lọ,” ni Díákónì wí. “Eegun ọmọ ulé wa, ará Ìlọrin kọ́ ni yóò tò ó. Oníṣẹ́ eegun wa ní Ìfisìn ti ń dúró. Tóbi, wọlé, ìwọ lo mọ ọ̀nà.”

Mo ní kí wọ́n jẹ́ kí n lọ tọ̀. Mo sáré lọ sẹ́yìn ilé, mo wá gárawa. Láàárín ìṣẹ́jú mẹ́ta, ohùn Ajíbọ́lá wọlé sórí fóònù gbogbo wọn: dókítà ti yẹ òun wò lẹ́ẹ̀kejì, kò sí eegun tó ṣẹ́, òun ti ń rìn.

Alága na ọwọ́ méjèèjì sókè.

“Àdúrà mi ni,” ni Alága wí. “Aago márùn-ún òwúrọ̀ òní ni mo gbà á.”

Ní ìpàdé àdúrà ọjọ́rú, ó jẹ́rìí rẹ̀ níwájú ìjọ. Díákónì dìde tẹ̀lé e láti jẹ́rìí pé òun ti gba tòun ní aago mẹ́rin.

Ọjọ́ Àbámẹ́ta pé. Bọ́ọ̀sì mẹ́ta ló gbé Ayédé lọ sí Ìkọ̀lé. Mo ti pèsè irọ́ tuntun sílẹ̀, pé mọ́tò Ajíbọ́lá ti bàjẹ́ ní Ọ̀tùn. Ojú ọ̀sán gangan ni. Kóòṣì Adémọ́lá jókòó lórí bẹ́ǹṣì ìwájú pẹ̀lú ìwé kékeré lọ́wọ́. Olúdáre dúró níwájú tábìlì ìforúkọsílẹ̀, ó kọ̀yìn sí tábìlì náà, ó ń na apá.

Obìnrin kan tí wọ́n ń pè ní Faith ló ń forúkọ sílẹ̀. “Ayédé, agbábọ́ọ̀lù yín láti ìta dà?”

“Ó ń bọ̀ lọ́nà,” mo ní.

“Mo nílò fọ́tò rẹ̀ láti fi dá a mọ̀ bó bá dé.”

Alága na pósítà sí i tayọ̀tayọ̀. Faith wò ó. Ó gbé ojú sókè. Ó tún wò ó. Ó tẹ orí sí ọ̀tún bí ẹni tó ń wo agogo tó wọ́.

“Bàbá,” ó ní, “ẹni yìí ti dé.”

“Ó ti dé?” Alága yí po. “Ibo ló wà?”

“Òun nìyí. Ẹ wo ìdí ṣòkòtò.”

Ìyá wa ti fi aṣọ àdìrẹ kékeré kan lẹ ibi tí ṣòkòtò Olúdáre ti ya. Mo pààrọ̀ nọ́ńbà ẹ̀yìn rẹ̀, mo fa ẹsẹ̀ gùn, mo fa ọrùn gùn. Mo gbàgbé àlẹ̀mọ́ yẹn. Lórí pósítà, òun náà ti gùn tó ìbọ̀sẹ̀.

“Kí ló wá sọ ọ́ di kúkúrú báyìí?” ni Faith béèrè.

Ará Ìkọ̀lé kan gba pósítà náà, ó gbé e sókè sẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ̀yìn Olúdáre. Ẹ̀rín bẹ̀rẹ̀ láti ìwájú, ó lọ dé ẹ̀yìn. “Ẹ bá wa fà á padà o,” ni ẹnìkan wí. “Eré ti fẹ́ bẹ̀rẹ̀.”

Olúdáre yíjú padà díẹ̀díẹ̀. Ó wo pósítà. Ó fi ọwọ́ kan ìdí ṣòkòtò ara rẹ̀. Lẹ́yìn náà ló wò mí.

“Tóbi,” ni ó wí.

Àwọn àgbà ló wá sọ̀rọ̀. “Láti ìbẹ̀rẹ̀ ni mo ti ní n kò mọ Ajíbọ́lá kankan,” ni Alága wí.

“Alága, ta ló tọ̀ sí yín lára?” ni Díákónì béèrè.

“Ọmọ púpọ̀ ló ti tọ̀ sí mi lára. Ẹ̀yin lẹ wólé dè é. Ẹ̀yin lẹ ní ulé yín ni.”

“Ulé wa kọ́. Wọn kì í ga nínú ulé wa. Ẹ wo èmi.”

“Bí mo bá rántí dáadáa,” ni Màmá Nọ́ọ̀sì wí, “ọmọ ìlú Ayébọ̀dé kan ni mo gbà lọ́jọ́ náà.”

Báyìí ni wọ́n ṣe lé ọmọ mi kúrò nínú ilé mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, wọ́n sì fún Ayébọ̀dé láìbéèrè.

Wọ́n gbá eré náà. Ẹ̀gbọ́n mi gbá a bí ẹni tí ilé ń jó lẹ́yìn rẹ̀. Pọ́ìntì mẹ́tàlélọ́gbọ̀n lòun nìkan jẹ. Àmọ́ ní gbogbo ìgbà tí a bá ti fẹ́ bá wọn, Múyìwá á dúró lọ́ọ̀ọ́kán, á sì jù ú, á sì wọlé. Pọ́ìntì mẹ́rin ni wọ́n fi borí wa.

Bí eré ti parí, Múyìwá wá na ọwọ́ sí Olúdáre. “Mo dúró dè yín títí agogo méjìlá fi lù,” ó ní. “Mo rò pé ẹ ò fẹ́ mi ni.”

Kóòṣì Adémọ́lá pa ìwé rẹ̀ dé. “O gbá a, Olúdáre. Mo rí i. Ká ní ẹ borí ni, ọ̀rọ̀ á rọrùn fún mi lọ́dọ̀ àwọn ọ̀gá.” Ọmọ Ìkọ̀lé kan ni ó mú. Wọ́n nà wá nínú àwọn eré yòókù, wọ́n sì yọ ìlú wa kúrò nínú ìdíje.

Lọ́jọ́ yẹn, nígbà tí a délé, ẹ̀gbọ́n mi jókòó tì mí lórí ìjókòó iwájú ilé. Ó wò mí títí, ó wá bú sẹ́rìn-ín. “O burú, Tóbi,” ó ní. “O fa ẹsẹ̀ mi gùn tó báyẹn.” Èmi náà bú sẹ́rìn-ín. Ìyá wa gbé iyán wá, àwa méjèèjì sì jẹ nínú àwo kan náà.

Ẹ̀kọ́ tí mo fẹ́ kí ẹ kọ́ ni pé bí wọ́n bá bi yín bóyá ẹ mọ ẹnìkan tí ẹ kò mọ̀, ẹ ní ẹ kò mọ̀ ọ́n. Kò ní pa yín. Ká ní ẹyọ ẹnìkan péré nínú gbọ̀ngàn yẹn sọ bẹ́ẹ̀, ìtàn mi ì bá parí kí àwọn ọmọ ilé ẹ̀kọ́ Ọjọ́ Ìsinmi tó jáde. Èmi náà ní ẹ̀kọ́ tèmi, àmọ́ n kò tíì mọ bí n ó ṣe sọ ọ́.

Ó ku ibi tí mo fọwọ́ ara mi ṣe. Bẹ́ẹ̀dì wà o, ìsọ̀ Díákónì ni ẹ ó ti rí i, adìẹ ló ń sùn lórí rẹ̀ báyìí. Ẹ̀rí àdúrà náà wáyé, ìjọ ṣàmín. Gárawa wà.

Ẹ̀rín ẹ̀gbọ́n mi ni mo fi kún un. Kò rẹ́rìn-ín. Kò jókòó tì mí, a kò sì jẹ iyán kankan. Ó kó aṣọ rẹ̀ kúrò nínú yàrá tí àwa méjèèjì jọ ń sùn, ó lọ ń gbé ní yàrá ẹ̀yìn. Ó ti tún gba fọ́ọ̀mù JAMB. Bí ó bá fẹ́ kí n gbé nǹkan fún òun, á sọ fún ìyá wa kí ìyá wa sọ fún mi. Oṣù kẹrin rèé. Lẹ́gbẹ̀ẹ́ tábìlì Faith ni ó ti pe orúkọ mi kẹ́yìn.